Ọkọ̀ alumíníọ̀mù àtijọ́: kí la ó ṣe kí á tó kùn ún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Olóògbé bàbá wa fi ọkọ̀ alumíníọ̀mù ẹsẹ̀ bàtà 14 sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo fẹ́ máa fi dẹ àwọ̀n lọ́sà, kí n sì máa fi ṣọdẹ òyà etí omi. Wọ́n ní kí n tẹ́ pákó sí i, kí n kùn ún, kí n gbé ẹ́ńjìnnì 40 (agbára ẹṣin 40) lé e. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere, àbúrò. Ọ̀dà kọ́ ló kàn. Gbé ọkọ̀ náà sórí ìtì igi bíi mẹ́rin, kí o bu omi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Má rọ ọ́ kún o! Lítà kan, kìlò kan ni, ìwúwo yẹn sì lè tẹ abẹ́ rẹ̀. Yí i ká, kí o fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá ń kán. Ìdí rivet, ìyẹn ìṣó tí wọ́n fi so páànù ọkọ̀ pọ̀, ló sábà máa ń jẹ́.

Rivet tó kàn ń mì, lílù ni: ẹnì kan á fi irin wúwo ti orí rẹ̀ níta, ẹnì kejì á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ nínú. Èyí tó bá ti jẹ, yọ ọ́, fi tuntun sí i pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ọkọ̀ omi. Má pe wẹ́dà tó ń jó géètì. Ní bíi 660°C ni alumíníọ̀mù ń yọ́, àmọ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó kì í yọ́ àfi tí iná bá ju 2,000 lọ. Kí awọ yẹn tó gbà, ara ọkọ̀ á ti lu. Ẹni tó ń lo gáàsì argon ni kí o wá.

Pákó ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé ńkọ́? Fi ìdí sìkúrúdíráfà kàn án. Tó bá dún bọ̀ọ̀, ó ti jẹrà nìyẹn. Pààrọ̀ rẹ̀ sí plywood tí wọ́n fi epoxy (gọ́ọ̀mù tó ń gan, tí kì í jẹ́ kí omi wọ pákó) bò yíká. Ohun tí mo rí pé ó ń pa ọkọ̀ báyìí jù ni bàbà àti idẹ: bóòtù idẹ, ọ̀dà ìdí ọkọ̀ tó ní bàbà, pákó tí wọ́n fi oògùn bàbà ṣe. Wọ́n máa ń jẹ alumíníọ̀mù wọnú, pàápàá tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ sápá Èkó, níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bóòtù stainless ni kí o lò, kí o fi gọ́ọ̀mù yí i ká.

Fóòmù abẹ́ ìjókòó, tẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti mu omi, pààrọ̀ rẹ̀, má kàn dà á nù, torí òun ló ń gbé ọkọ̀ léfòó tí omi bá kún un.

Ilẹ̀ pákó tó ga kò wù mí rárá. Bó bá ti ga tó ni ọkọ̀ á ṣe máa yí tó. Jẹ́ kó wà nísàlẹ̀, kí o tẹ́ rọ́bà sí i. Ariwo ẹsẹ̀ lórí páànù máa ń lé ẹja. Kápẹ́ẹ̀tì á kàn máa mu omi ni.

Ẹ́ńjìnnì 40 ti pọ̀ jù. Wo àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́. Tí kò bá sí mọ́, 15 tó. Mú àjẹ̀ àti ọ̀pá dání, torí koríko omi á lọ́ mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì dandan. Ìjókòó ni kí o ti máa yìnbọn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, kí ọta má sì wọnú ìbọn títí o fi pa ẹ́ńjìnnì.