Ìlọrin sí Àbújá: kí ló dé tí kìlómítà 311 fi ń tó wákàtí kan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Fóònù mi sọ pé kìlómítà 311 ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin àti ti Àbújá. Bàálù sì ń sá ju kìlómítà 800 lọ ní wákàtí kan. Kí ló wá dé tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń sọ pé wákàtí kan ni? Ṣé ìṣẹ́jú 25 kò tó ni? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni fóònù yín sọ. Ẹ̀yin náà lè ṣírò rẹ̀. Pápákọ̀ Ìlọrin wà ní dígíríì 8.44 sí àríwá àti 4.49 sí ìlà-oòrùn; ti Àbújá wà ní 9.01 àti 7.26. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó ku 0.57 àti 2.77. Ẹ fi 111, ìyẹn iye kìlómítà tó wà nínú dígíríì kan, sọ 0.57 di púpọ̀, ó di 63. Ẹ fi 110 sọ 2.77 di púpọ̀, ó di 305. (Ó fi dín díẹ̀ sí 111 nítorí pé ayé ń fún bí a ṣe ń kúrò ní àárín rẹ̀ lọ sí àríwá.) Ẹ ro 63 × 63 mọ́ 305 × 305, kí ẹ tẹ √: 311 ló máa jáde. Ọ̀nà mọ́tò jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí Odò Ọya wà láàárín, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ wá afárá lọ, yálà ní Jẹ́bà tàbí lẹ́yìn Lọ́kọ́jà.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló gba àlàyé. Òkè réré ni bàálù ti ń sá eré 800 yẹn. Kó tó kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000, awakọ̀ kì í sábà sá ju nọ́ọ̀tì 250 lọ, ìyẹn kìlómítà 463 ní wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá ń bọ̀ nílẹ̀. Fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tó bá fẹ́ sọ̀, ó nílò nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ààbọ̀. Bó bá wà ní 20,000, tí ilẹ̀ pápákọ̀ Àbújá sì ga tó nǹkan bí 1,100, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ nígbà tó ku kìlómítà 105. Ìdá mẹ́ta ìrìn-àjò náà nìyẹn! Ẹ ka gígùn òkè mọ́ ọn, ibi tó ti lè sáré gan-an kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ATR 72, bàálù alábẹ̀bẹ̀ tí eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 lọ, kì í fi pẹ́ púpọ̀ ju Boeing 737 lọ lójú ọ̀nà kúkúrú báyìí: nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 fún ATR, 40 fún Boeing.

Èyí tó kù, orí ilẹ̀ ló ń lọ sí. Láti ìgbà tí bàálù bá ti ṣí kúrò níbi tó dúró sí ní Ìlọrin títí tó fi máa dúró ní Àbújá ni tíkẹ́ẹ̀tì ń kà. Ilé iṣẹ́ bàálù tún ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀ fún títò dúró de àyè láti balẹ̀. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn láti àríwá ìlà-oòrùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ eruku ló ń dá bàálù dúró jù: bí ojú ọjọ́ bá ṣú kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà, kò ní gbéra rárá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá tààrà ló ń lọ. Bó bá gba Èkó, kìlómítà 243 dé Èkó, 511 láti Èkó dé Àbújá. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 754, ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ, láìka wákàtí tí ẹ máa fi jókòó dúró ní Ìkẹjà.