Orí tó pá àti ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì: kí ni Ṣẹ̀ríà sọ?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Ààfáà wa. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni orí mi ti ń pá. Mo gbọ́ pé àwọn dókítà ń wá ọ̀nà láti mú sẹ́ẹ̀lì (àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa) lára irun ẹni, kí wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀, kí wọ́n sì gún un padà sí ibi tó pá kí irun lè hù. Ẹnìkan sọ pé ẹ̀dá Ọlọ́hun ni a ń yí padà, pé ẹni ègún lẹni tó bá ṣe é. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àlùwàlá mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam. Kò sí ègún níbẹ̀. Ègún tí wọ́n sọ fún yín wà nínú hàdíísì Bukhari àti Muslim, ṣùgbọ́n orí ẹni tó ń so irun mọ́ irun àti ẹni tó ní kí wọ́n bá òun so ó ló wà. Irun tó bá hù láti inú awọ orí yín kò sí lára ìyẹn.

Ẹ rántí ìtàn adẹ́tẹ̀, apárí àti afọ́jú nínú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún wa. Mọ̀láíkà bi apárí pé kí ló fẹ́ jù. Ó ní irun tó dára, kí ohun tí àwọn èèyàn fi ń kórìíra òun sì kúrò. Mọ̀láíkà fọwọ́ pa á lórí, irun hù. Ìgbà tó fi ohun tí Ọlọ́hun fún un du aláìní ló tó jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí pé dídá ohun tó ti sọnù padà kì í ṣe yíyí ẹ̀dá padà. Ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ fíkì (ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn) tó jókòó ní Putrajaya, Malaysia, ní 2007 náà ka gbígbin irun sórí ẹni tí irun rẹ̀ ti re mọ́ ohun tó tọ́.

Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kò burú. Apárí ni Umar, sàábé Ànábì. Nínú Muslim, Abdullah ọmọ Sarjis sọ pé òun rí apárí náà, ìyẹn Umar, tó ń fi ẹnu ko Òkúta Dúdú.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún yín ni ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ti ara yín ni kí sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́. Ìpàdé àwọn onímọ̀ fíkì ní Mẹ́kà ní 2003 gba kí a mú sẹ́ẹ̀lì lára àgbàlagbà tó yọ̀ǹda tí kò ní pa á lára, wọ́n sì kọ èyí tó bá ti ara oyún tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́. Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n fi ń ya àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ló ń lo trypsin, inú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń ti rí i. Èyí tí kò ti ara ẹranko wá wà, nítorí náà mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi gba ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ má tijú láti béèrè.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ yìí kò tíì parí. Sẹ́ẹ̀lì ìdí irun èèyàn máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sínú àwo láti sọ ọ́ di púpọ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ Columbia ní Amẹ́ríkà àti Durham ní England jẹ́ kó ṣù pọ̀ nínú ẹ̀kán omi tó so rọ̀. Irun hù ní ìgbà 5 nínú ìgbìyànjú 7, lórí awọ èèyàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eku. Ẹ̀yìn eku jìnnà sí orí yín. Àjọ FDA, tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, kò tíì fọwọ́ sí ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì kankan fún orí pípá, síbẹ̀ àwọn kan ti ń gba owó lórí rẹ̀. Ànábì sọ, nínú hàdíísì Abu Dawud, pé ẹni tó bá ń ṣe ìtọ́jú láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọn, òun ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Ìtìjú máa ń mú kí apárí tètè gba ìlérí gbọ́, ó sì ń dùn mí. Bí wọ́n bá pè yín sínú ìdánwò tí àwọn aláṣẹ ìlera fọwọ́ sí, tí wọ́n ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún yín, tí wọn ò sì gba owó, ẹ lè wọ̀ ọ́.

Ní ti àlùwàlá, irun tó bá hù, irun yín ni: ẹ pa orí bí ẹ ṣe ń pa á. Nígbà ìwẹ̀ jánábà, ẹ jẹ́ kí omi dé ìdí rẹ̀. Láwọn ọjọ́ tí dókítà bá ní kí omi má kan ibi tí wọ́n gún, ẹ fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì. Bí ìyẹn náà bá lè ṣe ìpalára, ẹ fọ ìyókù ara, kí ẹ sì ṣe tayámọ́mù (fífi erùpẹ̀ mímọ́ dípò omi) fún ibẹ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.