Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́: Ọmọ mi ri àwòrán àbúrò mi bọ kóótà

Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ṣẹ́ ayàwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tó wálé ọdún, ó ya àbúrò mi ọkùnrin sórí pátákó, ó jọ ọ́ débi pé èèyàn á fẹ́ kí i. Àfi bó ṣe gbé pátákó ọ̀hún, ló bá rì í bọ inú kóótà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Kóótà bo àwòrán dé imú. Àbúrò mi yìí ti tó ọdún mẹ́ta ní àhámọ́, ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì lójú. Bí ìyá wa ṣe rí àwòrán náà, igbe ni wọ́n fi ta, wọ́n ní a ti sin ọmọ àwọn láàyè. Ọmọ mi ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Titus Kaphar ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe irú ẹ̀, pé ó fi ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn ni. Ṣé kí n ní kó fi kẹrosíìnì nù ún dànù?
Bàbá Ọlọ́mọge, Ọ̀fà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó nù ún. Mo mọ̀ pé ilé á ti gbóná, ẹkún àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ayàwòrán gidi ni Titus Kaphar. Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n bí i sí ní 1976. Ó kàwé ní Yunifásítì Yale, ó sì fi New Haven, níbi tí Yale wà, ṣe ibùgbé. Ní 2018, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur, ẹ̀bùn ńlá sì ni lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ bàbá tó bí i ló sún un dé ìdí kóótà. Ní 2011, ó ń wá àkọsílẹ̀ ẹ̀wọ̀n bàbá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jerome ni bàbá ń jẹ́. Bó ṣe tẹ orúkọ náà pẹ̀lú orúkọ ìdílé wọn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló yọ sí i, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ló sì gbé orúkọ wọn débẹ̀. Ó kó fọ́tò tí ọlọ́pàá yà fún wọn jọ, ó sì ya ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí pátákó kéékèèké, ó fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí wọn ká bí àwọn ìjọ àtijọ́ ṣe máa ń ya àwọn ẹni mímọ́. Jerome kan wà nínú àwọn ẹni mímọ́ ọ̀hún, òun ló túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn. Kaphar pe iṣẹ́ náà ní The Jerome Project. Ìgbà tó ti fi wúrà bu iyì fún wọn tán ló tó rì wọ́n bọ kóótà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára nìyí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òṣùwọ̀n ni kóótà náà jẹ́. Ẹni tó bá ti lo ìdá kan nínú mẹ́rin ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n, kóótà á bo ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán rẹ̀. Nígbà tó yá, ó pa ìṣirò yẹn tì, nítorí ó rí i pé ẹ̀wọ̀n kì í parí lẹ́nu géètì. Ẹni tó jáde wáṣẹ́, wọn ò gbà á. Ó wá ilé, onílé ní òun ti fún ẹlòmíràn. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kò tún ní lè dìbò mọ́. Ọdún mélòó lèèyàn fẹ́ kà níbẹ̀? Kaphar wá jẹ́ kí kóótà gòkè kọjá iye ọdún, títí tó fi bo ẹnu àwọn kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ náà ní Studio Museum, ilé ìpàtẹ àwòrán kan ní Harlem ní New York, ní 2014, ẹni tó dúró níwájú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ojú nìkan ló ń wò ó, kò rí ẹnu tó lè bá a sọ̀rọ̀.

Mo mọ ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní Ìlọrin níbí. Ọmọ tí mo kọ́ rí ni, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sára mọ́tò àti pátákó ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró gan-an. Wọ́n mú un mọ́ àwọn kan. Kóòtù fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n onídùúró tó ní ilé àti ìwé ilé ni wọ́n ní kó mú wá. Ta ló fẹ́ gbé ìwé ilé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ? Ó pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó tú ẹjọ́ náà ká, ẹnikẹ́ni kò sì dá a lẹ́bi. Nígbà tó padà sídìí iṣẹ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ á gba òdì kejì títì kọjá, wọn ò ní wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agolo ọ̀dà rẹ̀ gbẹ mọ́ ìdérí lórí tábìlì. Èyí dùn mí títí di òní. Àwọn tó pọ̀ jù lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan, kóótà sì ti mu wọ́n dé ọrùn.

Kaphar náà kò fi ọ̀rọ̀ béèlì sílẹ̀. Ní 2019, òun àti Reginald Dwayne Betts, akéwì àti agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀wọ̀n nígbà ọ̀dọ́, pàtẹ iṣẹ́ kan ní MoMA PS1, ilé ìpàtẹ àwòrán kan ní New York. Wọ́n mú ìwé ẹjọ́ àwọn tó wà látìmọ́lé nítorí pé wọn kò rówó béèlì san, wọ́n fi ìlà dúdú pa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́, èyí tó ṣẹ́kù wá di ewì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú èèyàn tí Kaphar yà.

Ọ̀rọ̀ kan wà o, tí n kò ní bá ọmọ yín gbè. Ṣé ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín kó tó rì í bọ kóótà? Fọ́tò tó ti wà lójú táyé ni Kaphar mú. Èèyàn tirẹ̀ ni ọmọ yín yà, ó wà láàyè, ó ṣì lẹ́nu. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ bá yín lọ, kó ṣàlàyé àwòrán náà fún un, kí àbúrò yín sọ ibi tí kóótà yẹ kó dé lára òun. Ó lè ní kó wálẹ̀ sí igbá àyà. Ó sì lè ní kò tíì tó. Bó bá ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, ẹ fi aṣọ bò ó títí yóò fi délé. Kí ọmọ yín jókòó ti Màmá náà, kó má fi ìwé àti gírámà dá wọn lóhùn.

Bí ẹ bá sì ń lọ síbẹ̀, ẹ yà ní ọ́fíìsì Legal Aid Council. Agbẹjọ́rò ìjọba ló wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò lówó. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ tún láṣẹ lábẹ́ òfin láti tú ẹni tó ti pẹ́ jù láìgba ìdájọ́ sílẹ̀ bó bá ṣe ìbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àbúrò yín wà nínú ìwé tí wọn yóò gbé síwájú rẹ̀.

Ẹ tún mú ọmọ yìí lọ sí Ẹsìẹ́, kò jìnnà sí yín. Láti 1945 ni mùsíọ́ọ̀mù ti wà níbẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kó wo ilà ojú àti irun dídì lára àwọn ère òkúta yẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú láìsí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Yóò kọ́ nǹkan níbẹ̀ tí olùkọ́ kò lè fi ẹnu kọ́ ọ.

Ìyá Olùkọ́, mo rí fídíò kan tí Titus Kaphar yìí ti fi ọ̀dà funfun bo àwòrán àtijọ́ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣé kò ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ báyìí?
Akẹ́kọ̀ọ́, Tankẹ, Ìlọrin

Kò bà á jẹ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ Frans Hals, ayàwòrán àtijọ́ kan ará Nẹ́dálándì, ló wò ṣe tirẹ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà ló sì kun ní TED, àpéjọ tí àwọn èèyàn ti ń sọ èrò wọn, ní 2017. Ìdílé òyìnbó ọlọ́rọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, ọmọ adúláwọ̀ kan sì wà lẹ́yìn wọn. Kaphar ní èèyàn á rí àkọsílẹ̀ nípa léèsì tí ìyàwó ilé wọ̀ ju èyí tó máa rí nípa ọmọ yẹn lọ. Ó wá kun àwọn yòókù ní funfun, ọmọ náà nìkan ló kù tí à ń wò. Ó po epo linseed mọ́ ọ̀dà náà, nítorí náà bó bá pẹ́, funfun yẹn á máa fẹ́lẹ́ bí gíláàsì, àwọn tó kùn mọ́lẹ̀ á tún máa hàn.

Bí o bá fẹ́ dán an wò, ìwọ náà ya ẹ̀dà tìrẹ, má fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Epo linseed ni kó o rà, díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa pò ó mọ́ ọ̀dà. Má fi òróró ìsebẹ̀ rọ́pò rẹ̀: òróró ẹ̀pà kì í gbẹ, eruku ni yóò máa gbé.