Owó Oṣù Mi Kéré, Ṣùgbọ́n Mo Fẹ́ Aṣọ Tó Lálòpẹ́

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni mí ní Ìbàdàn, owó oṣù mi kò sì tó ₦70,000 tí ìjọba fi òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Mo ní láti múra dáadáa lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí mo ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kì í pé oṣù mẹ́ta kí ó tó ṣá. Àwọn kan ní kí n máa ra òkìríkà, ojú sì ń tì mí. Aṣọ ẹbí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà kò dáwọ́ dúró. Kí ni kí n ṣe tí n kò fi ní jẹ gbèsè?
Olùkọ́ kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, inú mi dùn pé o kò fẹ́ jẹ gbèsè nítorí aṣọ. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òótọ́ sì ni, pàápàá fún olùkọ́ tí ojú ọmọ àti òbí wà lára rẹ̀ láti òwúrọ̀. Àmọ́ aṣọ owó pọ́ọ́kú yẹn gan-an ni ó ń jẹ owó rẹ jù. Bí ẹ̀wù ₦4,000 bá ń gbó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ₦16,000 ni ìwọ yóò ti ná lórí ẹ̀wù kan kí ọdún tó yí po, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń tà ní ₦9,000, tí aṣọ rẹ̀ nípọn tí rírán rẹ̀ sì mọ́ṣẹ́, lè bá ọ lo ọdún méjì. Dín iye tí o ń rà kù, kí o sì ra èyí tó dára.

Ní ti òkìríkà, n kò rí ìdí tí ojú fi yẹ kó tì ọ́. N kò ní fi pamọ́ fún ọ pé òfin kò gba kíkó aṣọ àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí láyè, ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ń tà á, ní Katangúà l'Ékòó àti káàkiri ọjà wa gbogbo. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú bélì, ìyẹn ìdì ńlá tí wọ́n di aṣọ àlòkù náà sí, ni kí o lọ, ní òwúrọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣà máa ń sanwó ju ẹni tó dé nírọ̀lẹ́ lọ, owó náà sì tọ́ sí i, torí èyí tó lábàwọ́n ló máa ń ṣẹ́ kù.

Bí o bá mú ẹ̀wù kan, má tíì wo ẹwà rẹ̀. Gbé e sókè sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lára rẹ̀ bí ẹni pé asẹ́ ni, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Yí inú rẹ̀ síta, kí o wo abẹ́ abíyá, níbi tí òógùn ti máa ń jẹ aṣọ, kí o sì di ojú rírán mú lápá méjèèjì, kí o rọra fà á wò bóyá òwú rẹ̀ yóò là. Fa síípù lọ, kí o fà á bọ̀. Bí kọ́là bá gbó ní ojú kan ṣoṣo, má torí ìyẹn jù ú nù, nítorí aránṣọ tó mọṣẹ́ lè tú u, kí ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Fọ̀ ọ́, sá a sóòrùn, kí o fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kí ó tó kan ara rẹ.

Fún síkẹ́ẹ̀tì, mo fara mọ́ rírán ju rírà lọ. Lọ sí Gbági, kí o bẹ ọlọ́jà fún fọ́nrán díẹ̀ láti etí aṣọ, kí o sì fi iná sí i. Òwú gidi yóò jó, yóò máa rùn bíi bébà tó ń jóná, eérú rẹ̀ yóò sì fọ́ lọ́wọ́ rẹ. Poliẹ́sítà yóò yọ́, yóò sì dì gbagidi. Kíláàsì tí kò ní fáànù kò ṣeé wọ ẹ̀wù poliẹ́sítà lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ òwú, ó dára fún síkẹ́ẹ̀tì, nítorí kì í tètè rún. Bí ó bá jẹ́ àǹkárá, wo ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tí wọ́n fi ìda ṣe, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níwá lẹ́yìn, èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ojú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń funfun ju iwájú lọ. Kí aránṣọ fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán, kí ó lè ṣeé tú bí o bá sanra.

Aṣọ ẹbí ni mo rò pé ó ń ṣe ọ́ léṣe jù. Ti ọmọ ìyá rẹ àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nìkan ni kí o máa rà. Fún àwọn yòókù, gèlè nìkan tó, kí o sì wọ aṣọ tí o ti ní sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò lé ọ jáde.

Má sì lọ sọ́jà nígbà tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kù dẹ̀dẹ̀. Oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kejì, tí owó ti tán lápò àwọn èèyàn, ni ọlọ́jà máa ń gbọ́ nájà. Bí ẹ bá ń dá àjọ níbi iṣẹ́ yín, sọ fún olórí àjọ kí ó fi ìkó tìrẹ sí oṣù Kejì.