Wọ́n ṣílẹ̀kùn mọ́tò lù mí nínú léènì kẹ̀kẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní London ni mò ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú léènì kẹ̀kẹ́ ni mo wà jẹ́jẹ́ mi o, àfi gbàgà! Ẹnìkan ṣílẹ̀kùn mọ́tò lù mí. Orí ló kó mi yọ, orókún mi ṣì wú. Ọkọ mi ní kí n padà sínú bọ́ọ̀sì. Ṣé kì í ṣe àwa ni wọ́n ya léènì yẹn sọ́tọ̀ fún ni? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn láìwẹ̀yìn ló jẹ̀bi, òfin Gẹ̀ẹ́sì sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀dà lásán ni laini funfun yẹn, kì í ṣe ògiri, wọ́n sì lè fà á gba ojú ibi tílẹ̀kùn mọ́tò tó páàkì ń ṣí sí gan-an. Highway Code, ìwé ìlànà ojú pópó wọn, ní kẹ́ẹ fi tó mítà 1 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti mọ́tò tó páàkì, kò sì ní dandan ni kẹ́ẹ wà nínú léènì, torí náà ẹ wẹ̀yìn wò, kẹ́ẹ jáde síta díẹ̀, tí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ń fọn fèrè ẹ jẹ́ ó fọn ún. Bẹ́ẹ bá rí orí èèyàn nínú mọ́tò tó dúró, ọwọ́ lórí bíréèkì.

Látọdún 2022, ìwé yẹn ní kí dírẹ́bà máa fọwọ́ òsì ṣílẹ̀kùn, torí ọwọ́ ọ̀tún nilẹ̀kùn tiwọn wà, tó bá nawọ́ òsì sí i, ara ẹ̀ á yí, ojú ẹ̀ á sì wẹ̀yìn. (Ọwọ́ òsì tí wọ́n ní ká má fi júwe ilé bàbá ẹni, òun ló wá ń gbà wá!) Mélòó nínú wọn ló ń ṣe é?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ilẹ̀kùn lọ ni lọ́rí tó fẹ́ yà sósì. Mo yọ́ gba òsì ọ̀kan kọjá rí ní àdúgbò Elephant and Castle ní London níbẹ̀ nígbà tíná pupa dá wa dúró, bíná ṣe yí báyìí orí lọ́rí ti lọ, àfi táyà ẹ̀yìn tí mo rí tó ń bọ̀ wá bá ẹsẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀, ni mo bá gbé kẹ̀kẹ́ fò sórí pèpéle. Ẹ̀yìn lọ́rí ni kẹ́ẹ dúró, kódà bí léènì bá ń pè yín síwájú.

Ẹ jẹ́ kí dókítà wo orókún yẹn o. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, ẹ ní mo ní kí wọ́n ra iná ẹ̀yìn pupa tuntun fún yín.