Ṣúgà àárọ̀ tó kọ̀ tí kò wálẹ̀: ẹ má tíì fi oògùn kún oògùn

Ẹ kú ìnira. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ 3 rèé tí wọ́n ti sọ fún yín pé àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ló ń ṣe yín, pé metformin 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n fún yín. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń gbé 214 mg/dL jáde láàárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan, ó sì ń tó 268 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ sọ hóró 2 di 4, àbí ẹ̀rọ ló ń parọ́.

Ká gbọ́ ti ẹ̀rọ ná. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n á ní kó máa wọn ṣúgà rẹ̀ láràárọ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 5 kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Bí nọ́ḿbà bá wá ga, wọ́n á bá a wí. Kò dáa.

Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá bó ọsàn tán tí ẹ kò fọwọ́, oje tó lẹ̀ mọ́ ìka yóò bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú strip (ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kì bọ ẹ̀rọ), ẹ̀rọ á sì ka ṣúgà ọsàn mọ́ ti ara yín. Bí ìka bá ṣì tutù, omi á pò mọ́ ẹ̀jẹ̀, nọ́ḿbà á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe àárín orí ìka tí a fi ń mú nǹkan. Ibẹ̀ ló ń dunni jù. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ rọra fọwọ́ ra á láti àtẹ́lẹwọ́ wá sí ìka títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ bí orí ìṣáná. Ẹ má fún ṣóńṣó ìka bí ẹni ń fún aṣọ, torí omi ara yóò bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Etí strip ni kí ẹ fi kan ẹ̀jẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa fà á mu. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ẹ mú strip mìíràn. Inú ike tó bá wá ni kí strip máa wà, kí ẹ sì dé e kíá, nítorí ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́. Ẹ má gbé e sí balùwẹ̀ tàbí inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Kódà bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìlànà àgbáyé gba ẹ̀rọ láyè kó fi ìdá 15 nínú 100 yàtọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ṣúgà bá ti tó 100. Ìyẹn ni pé 200 tí ẹ rí lè jẹ́ 170, ó sì lè jẹ́ 230. Nítorí náà, bí àná bá jẹ́ 214 tí òní jẹ́ 203, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ má sunkún lórí ọ̀kan, ẹ má sì jó lórí èkejì. Bí nọ́ḿbà kan bá ṣàjèjì, ẹ tún ọwọ́ fọ̀, kí ẹ gún ìka mìíràn. Bí ẹ bá sì ń ka ìmọ̀ràn tí nọ́ḿbà ibẹ̀ jẹ́ 7 tàbí 11, mmol/L nìyẹn, òǹkà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18 kí ẹ tó fi wé tiyín.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni tiyín ń ga, nítorí náà kò jọ pé ẹ̀rọ ló ń parọ́.

Èyí tó ń ro èèyàn lára jù ni ti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Èèyàn á jẹun níwọ̀nba, á sùn, kò ní fẹnu kan nǹkan fún wákàtí 9, á jí, á gún ìka, nọ́ḿbà á ga ju èyí tó rí kó tó sùn lọ. Ẹkún ló máa ń gbọ̀n wá. Bí ẹ bá sì sọ ọ́ fún àwọn kan nínú àwọn elétò ìlera, wọ́n á ní ẹ jí nǹkan jẹ lóru ni. Ẹ má gbà. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, láti bí aago 3 òru sí aago 8 àárọ̀, ara máa ń tú àwọn èròjà bíi cortisol jáde láti múra sílẹ̀ de jíjí, àwọn ló sì ń ti ẹ̀dọ̀ pé kó da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ínsúlínì, èròjà tó ń gbé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á tètè káwọ́ rẹ̀. Lára tiwa, ínsúlínì kò tó, tàbí ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹ̀dọ̀ á kàn máa dà á lọ ni.

Ìdí nìyẹn tí fífi ebi sùn kì í fi í tán an: ẹ̀dọ̀ kò dúró de oúnjẹ alẹ́ yín kó tó ṣiṣẹ́. Èèyàn á fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ lónìí, 214 á di 220. Á fi ti ọ̀sán náà kún un lọ́la. Lọ́túnla, ebi á pa á débi pé á jẹ ìlọ́po méjì, ẹ̀rọ á gbé 310 jáde, á wá gbà pé òun kò lè ṣe é. Ẹ má wọ inú ìyẹn rárá.

Ẹ wọ̀n ọ́n báyìí fún alẹ́ 2 tàbí 3: nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, ní aago 3 òru, àti bí ẹ bá ti jí. Bó bá jẹ́ 250 nígbà tí ẹ fẹ́ sùn tó sì jẹ́ 214 láàárọ̀, oúnjẹ alẹ́ ni kí ẹ tún ṣe. Bó bá jẹ́ 150, tó ṣì jẹ́ 145 ní aago 3, tó wá di 214 láàárọ̀, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Bí ti aago 3 bá wà nísàlẹ̀ 70, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, pàápàá bí glibenclamide, glimepiride tàbí ínsúlínì, àwọn oògùn tó lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù, bá wà nínú oògùn yín. Metformin nìkan kì í sábà fa irú ìyẹn. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí kedere: ti àárọ̀ ló sábà máa ń wálẹ̀ kẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn oúnjẹ lè ti dára fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí òun tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ hóró 2 di 4 fúnra yín. 500 mg lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán. Dókítà ló ń fi 500 mg kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń dé 2000 mg lóòjọ́. Inú ló ń fà á tí wọ́n fi ń rọra gbé e: ẹni tó bá fò ó sókè lójijì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru á mú un, á sì sọ oògùn tó ì bá ràn án lọ́wọ́ nù. Àárín oúnjẹ ni kí ẹ ti gbé e mì. Bí inú bá ṣì ń dà yín láàmú, ẹ béèrè irú rẹ̀ tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀; odindi ni wọ́n ń gbé ìyẹn mì, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti wo kíndìnrín yín nínú ẹ̀jẹ̀, torí òun ló ń sọ iye metformin tí ara lè gbà. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é kí ẹ tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni oògùn náà fi ń fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn.

Ti oúnjẹ kò le: ẹ dá ohun mímu dídùn dúró, oje èso náà wà lára rẹ̀; kí ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà, ìdá mẹ́rin tó kù oúnjẹ onísítáàṣì; kí ẹ sì rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ oúnjẹ tó ń ṣe yín, ẹ wọn ṣúgà kí ẹ tó jẹ ẹ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí 2 lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, 80 sí 130 ni wọ́n ń wá kí oúnjẹ tó wọlé, kí ó má sì tó 180 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kò ní dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ. Ara tó ti mọ́ 250 lára lè máa gbọ̀n, kó máa làágùn, bó bá wálẹ̀ sí 110, bí ẹni pé ṣúgà ti tán. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sáré mu ohun dídùn. Bó bá wà nísàlẹ̀ 70 lóòótọ́, ẹ mu gíráàmù 15 ṣúgà, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì lásìkò yìí, ẹ má tíì ra awò ojú. Bí ṣúgà ṣe ń lọ sókè sódò ni omi inú ẹyinjú ń yí padà, awò tí ẹ bá rà lónìí lè má bá yín mu mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6.

Ẹ sọ fún dókítà bí wọ́n bá ti fún yín ní prednisolone tàbí dexamethasone (oògùn steroid), ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́ sí orúnkún, torí wọ́n máa ń gbé ṣúgà sókè gidi. Ẹ sá fún oògùn tí wọ́n ń polówó pé ó ń wo àtọ̀gbẹ tán pátápátá. Wọ́n ti rí glibenclamide tí wọ́n fi pamọ́ sínú irú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń rù láìmọ̀dí, tí metformin kò mú nǹkan kan yí padà, ẹ ní kí wọ́n yẹ GAD àti C-peptide wò nínú ẹ̀jẹ̀: ọ̀kan ń fi hàn bóyá ara ń bá ibi tó ti ń ṣe ínsúlínì jà, èkejì ń fi hàn bóyá ó ṣì ń ṣe ínsúlínì tó. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n pè ní oríṣi kejì, tó sì jẹ́ pé oríṣi kìíní ni.

Bí ṣúgà bá kọjá 240 tí ara kò sì yá, ẹ yẹ ketone (èròjà tí ara ń tú jáde bó bá ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà) wò nínú ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe eré ìdárayá, ẹ pe dókítà. Bí ẹ bá ń bì láìdúró, tí inú ń run yín, tí ẹ ń mí fìnfìn, tí ọ̀rọ̀ ń dàrú lẹ́nu yín, tàbí tí ẹ̀rọ kọ HI, èyí tó túmọ̀ sí pé ṣúgà ti kọjá ibi tó lè kà dé, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sún àyẹ̀wò ojú sí ọdún tó ń bọ̀. Oríṣi kejì lè ti wà lára fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó rí i, nítorí náà ìsinsìnyí ni wọ́n ń wo ẹ̀yìn ojú. Wọ́n á kán oògùn sójú láti mú kí ọmọ ojú fẹ̀, ojú kò sì ní ríran dáadáa fún wákàtí bíi mélòó kan, nítorí náà ẹ mú ẹni tó máa wa ọkọ̀ padà dání.