Orin arò ló gba ọmọ mi lọ́kàn, kí la fẹ́ ṣe?

Ìbéèrè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Leeds la wà, ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ó ti pẹ́ tí kò ti gbọ́ orin mìíràn ju àwo kan tí wọ́n ń pè ní Process, ti akọrin kan tó ń jẹ́ Sampha. Dùùrù ṣáá, pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ bú sẹ́kún. Wọ́n ní ìyá ẹ̀ tó kú ló ń kọ lórin. Bàbá wọn ní ká gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, pé ọmọ tí ìyá ẹ̀ wà láàyè kì í kọ orin arò kiri ilé. Ọkàn tèmi náà ò balẹ̀. Ṣé ká gbà á?

Èsì:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. A gbọ́ àwo yẹn títí nílé tiwa ní London. Ọmọ adúláwọ̀ ni Sampha, Sierra Leone làwọn òbí ẹ̀ ti wá. Morden níbí ló dàgbà sí, òun sì ni àbígbẹ̀yìn nínú ọkùnrin márùn-ún. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá ẹ̀ kú. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú ìyá, ó padà sílé wá tọ́jú ẹ̀, títí ìyá fi lọ ní 2015. Àwo náà jáde ní 2017, ó sì gba Mercury, ẹ̀bùn orin ńlá ní UK, lọ́dún yẹn.

Ẹ fetí sí orin tó fi ń yin dùùrù dáadáa. Ó kan ikú lóòótọ́, àmọ́ dùùrù ilé ìyá ẹ̀, èyí tó ti ń tẹ̀ láti kékeré, ló ń kì. Ẹ bi bàbá wọn: ẹkún ìyàwó ńkọ́? Òbí ìyàwó á wà láàyè níwájú ẹ̀, á máa sunkún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹbí á sì máa fún un lówó. Ta ló sọ pé ó ń pe ikú wálé?

Ohun tí èmi ń ṣọ́ yàtọ̀ sí orin. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ṣì ń bá ọ̀rẹ́ jáde? Bí ìwọ̀nyí bá ti ń yí padà, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín, ẹ má fi falẹ̀. Bó bá jẹ́ orin nìkan, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ jọ gbọ́ ọ; kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ. Ẹ má wàásù o. Ibẹ̀ ni ọmọ tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè nípa ìyá mi tó kú ní Iléṣà, ohun tí kò béèrè rí tẹ́lẹ̀.

Bó bá wá tọrọ dùùrù, kíbọ́ọ̀dù àlòkù ti tó. Ẹ ṣáà ra gbohùngbohùn etí mọ́ ọn, nítorí àwọn aládùúgbò.